Máàkì Tí Mo Fún Orúnkún

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún òsì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kú tipiri. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún ìrora ní máàkì lójoojúmọ́, nínú mẹ́wàá. Èmi! Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n ò fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá rí. Orúnkún gba méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Agbára abẹ́rẹ́ ti tán. Yéè! Mẹ́fà. Ó gbìyànjú, ó ṣì lè ṣe jù báyìí lọ.
Dókítà kọ̀, kò fún mi ní Aládùn — orúkọ tí mo sọ oògùn líle tí mo lò fún orúnkún ọ̀tún níjọ́sí. Ó ní mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Òótọ́ ni. Ìrora ti lọ, èmi ò lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tòògbé kiri, ẹkún ni ọmọ mi fi gbà á lọ́wọ́ mi. Parasitamọ́ ló kàn báyìí, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ara wíwú wálẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, lásìkò-lásìkò. Yìnyín. Ìdárayá. Parasitamọ́! Ohun tí mò ń fún ọmọ kíláàsì kìíní tórí ń fọ́.
Àṣírí: Aládùn mẹ́fà wà nínú páálí ṣọ́ọ̀kì mi lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi tí mo na ọmọ torí ó fi ìdáhùn pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Alábòójútó — ọmọ mi obìnrin náà ni — gbé mi dìde lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lónìí. Mo wúwo, n ò ní purọ́. Bó ṣe ń gbé mi ni mò ń ṣe àtúnṣe ìdúró rẹ̀. Mẹ́fà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mẹ́rin! Tá a bá lo parasitamọ́ kí ìrora tó dé, kì í ráyè jókòó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Alábòójútó sùn lórí àga lọ́sàn-án gangan, ṣíbí lọ́wọ́. Ọ̀lẹ ti wọlé wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Kọ́ọ̀ṣì tó ń kọ́ mi ní ìdárayá tẹ orúnkún. Mẹ́jọ! Ojú mi lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Orúnkún tó ń bẹ̀bẹ̀ fún Aládùn náà ni kò jẹ́ kí n lè gun àpótí lọ mú un. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Yìnyín. Nírọ̀lẹ́, márùn-ún.

Ọjọ́rú, 12
Mẹ́rin. Alábòójútó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Méjì. Mo dá rìn dé ilé ìdáná. Ara mi yá gágá, mo ní kí n kúkú jẹ́wọ́. Mo ní kí Alábòójútó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì wá. Mo ní mẹ́fà ni mo fi pamọ́, kó bínú tán, kó gbà wọ́n. Kò bínú. Mo ṣí i.
Méjì ló kù.
Mo tún un kà, èmi olùkọ́ ìṣirò. Ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra jókòó. "Mọ́mì, ẹ̀yìn mi ni. Àtìgbà tí mo ti ń gbé yín."
Òkè ni mò ń wò, bíi ti àwọn tó ń bá amúkùn-ún wí. Ọjọ́ mọ́kànlá, èmi nìkan ni mò ń fún ní máàkì. Ojú tì mí, àyà mi sì já. Mo ní lọ́la àwa méjèèjì ń lọ bá dókítà, tàwa ti Aládùn méjì tó kù. Mo gbé yìnyín mi lé e níbàdí. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè, mo bi í pé mélòó nínú mẹ́wàá.
Ó ní mẹ́wàá.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.