Irà Pẹ́pẹ́yẹ àti Ọ̀gá Báláǹsì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún 2024
Wọ́n gbé Irà Pẹ́pẹ́yẹ lé mi lọ́wọ́ lónìí. Èmi Moyọ̀sọ́lá! Ọdún mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì ètò ìlú, Yábà, iṣẹ́ tó tóbi jù tí wọ́n tíì fún mi ni pé kí n wá ẹni tó máa tún fáànù ṣe. Ọ̀gá ní kí n ya máàpù irà náà. "Sístà Moyọ̀, àwọn kan ní ká dá igbó ibẹ̀ sí, àwọn kan fẹ́ ibi ìṣeré, àwọn kan fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣáà bá mi báláǹsì ẹ̀." Nínú fáìlì, Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Báláǹsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn kánáàlì, Sùúrùlérè. Omi, eèsún, lékeléke. Lápá ibi tó gbẹ, ebè ẹ̀fọ́ — Màmá Àríkẹ́ àti obìnrin mẹ́fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn, ogún ọdún nídìí tẹ̀tẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, pápá tí Mùktárù tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní bọ́ọ̀lù. Màmá ní irà yìí ló ń gbé omi òjò mì, òun ni ò jẹ́ kó wọlé bá àwọn. Wọ́n ti ìdì tẹ̀tẹ̀ kan sí mi lọ́wọ́. "Lọ sè é jẹ. O ti rù jù."

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Máàpù àkọ́kọ́. Àwọ̀ ewé: ibi tí a dá sí, ebè ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè: eré. Pupa: ṣọ́ọ̀bù. Pupa ò ju èékánná lọ. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Pupa yìí ò báláǹsì."

Ọjọ́ Ajé, 13
Pupa ti tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọjọ́rú, 15
Pupa ti gbé pápá bọ́ọ̀lù mì. Mo bèèrè ibi tí àwọn ọmọ á ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní lórí òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí, alájà mẹ́ta. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Dùbáì nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò ní Dùbáì. Ọkàn rẹ̀ kò tíì délé látìgbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 16
Dókítà Ọlánípẹ̀kun, onímọ̀ nípa ẹyẹ, dé láti ka ẹyẹ irà náà, kó sì kọ ìwé lórí rẹ̀. Lékeléke, ọgọ́rùn-ún ó lé méjìlá. Màmá Àríkẹ́ kí i lẹ́ẹ̀mẹta, Dókítà kàn gbé ìka lé ètè — ẹyẹ á fò! Kò ka èèyàn kankan. Inú mi ṣì dùn sí i. Ìwé rẹ̀ nìkan ló lè lé pupa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo bá Dókítà parí ìwé náà. Èmi fúnra mi ni mo kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan nínú irà yìí." Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni mo ní lọ́kàn. Ó dùn mọ́ mi bí oyin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21
Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n pe Ọ̀gá láti òkè: Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé ń bọ̀, àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun, kí ló wà nílẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé? Ó sáré jáde, òógùn bò ó. "Sístà Moyọ̀! Ewé ni gbogbo ẹ̀! Fi ìwé ẹlẹ́yẹ yẹn sí i!" Pupa kú láàárín wákàtí kan. Mo jó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Wáyà ti yí irà náà ká. Géètì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Àlejò mẹ́rin. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú lékeléke. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí báláǹsì. Mi ò rí Màmá Àríkẹ́. Mi ò bèèrè.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo bèèrè. Gbogbo àwọn obìnrin náà wà níta wáyà, ọkọ́ lọ́wọ́, tẹ̀tẹ̀ ń rọ lójú wọn. Mùktárù àti àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà. Àlíyù tó ń ṣọ́ géètì ní kí wọ́n má bínú, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màmá ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo lè dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Màmá ní, "Moyọ̀, nígbà tó o ń kọ ọ́, níbo lo rò pé a wà?"

Mo padà lọ bá Ọ̀gá pé ká tún gbólóhùn náà ṣe. Ó ní ó ti wọ ìwé ìjọba, irà ti báláǹsì, kí n lọ sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ju Ọ̀gá lọ, pé àṣìṣe mi ni, kí wọ́n yí i padà. Orúkọ mi ló ṣáájú. Kí n tó jáde ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá ti gbọ́ — láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, yàrá fáìlì ni màá ti máa ṣiṣẹ́.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ fún Màmá Àríkẹ́ pé kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Wọ́n kọ̀. "Kà á fún mi ní Yorùbá." Mo kà á. Wọ́n dá mi dúró níbi "àwọn tó ń lo ilẹ̀ náà".

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"A ò ní orúkọ ni?"

Mo fa ìlà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, mo ń bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́: orúkọ, orúkọ bàbá, ọdún tí kálukú dé ibẹ̀. Obìnrin méjèèje. Lẹ́yìn náà ni Màmá tó na àtàǹpàkò.