Ẹ Dá Olóhùn Àtijọ́ Padà Síbi Tó Wà

Yàrá Kejì,
Ilé Alájà Mẹ́ta,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ìgbìmọ̀ Olùtọ́jú Olóhùn,
Àkójọ Kóòdù Ọ̀fẹ́ fún Ohùn Kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBẸ̀BẸ̀ LÓRÍ Ẹ̀DÀ OLÓHÙN TÍ Ẹ MÚ KÚRÒ LÓRÍ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

1. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun gba ohùn lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, àpótí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí Olóhùn, ètò kọ̀ǹpútà yín tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ di ohùn, ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀: bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i, á sọ ọ́ jáde.

2. Kí n tó fẹjọ́ sùn, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ló kó ohùn mi jọ láti inú àwọn ẹ̀kọ́ tí mo ti gbà sílẹ̀ kí n tó ṣàìsàn, ó sì fi Olóhùn so ó pọ̀. Lọ́jọ́ tí àpótí náà kọ́kọ́ fọhùn, ohùn èmi gan-an ni mo gbọ́. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Ọmọkùnrin náà ní lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yín ni ẹ ń kọ Olóhùn lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì fojú kan ara wọn rí. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní. Irú èèyàn wo nìyí, tó ń fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní ẹnu?

3. Lóṣù tó kọjá, ẹ kéde pé Olóhùn kò ní bá ẹ̀dà àtijọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ fi kọ ọ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò dúró síbẹ̀: ẹ tún pa àwọn Olóhùn àtijọ́ rẹ́ níbi tí a ti ń gbà wọ́n, ẹ ní ihò wà lára wọn tí olè lè gbà wọlé.

4. Ọmọkùnrin yìí ní àṣà kan. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, á nu inú àpótí mi mọ́ pátá, á sì tún gba gbogbo nǹkan wọlé lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó nù ún tán kó tó ka ìkéde yín. Olóhùn tuntun kò lè ṣiṣẹ́ nínú àpótí tó ti dàgbà, tó jẹ́ pé èdè àtijọ́ yẹn nìkan ló gbọ́. Ti àtijọ́ kò sì sí mọ́. Ó káwọ́ lérí, ó bú ara rẹ̀ ní òmùgọ̀, èmi tí mo ya odi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti ń kó ohùn mi lọ sínú àpótí tuntun, àmọ́ iṣẹ́ náà yóò dé ìsinmi tó ń bọ̀.

5. Ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì ń gbà mí. Ilé ni wàhálà wà. Ìyá mi ti dàgbà, wọn kò sì ríran mọ́. Ohun tí mo bá kọ kò wúlò fún wọn. Ohùn àpótí yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé èmi ni.

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹ̀dà ìkẹyìn tó bá èdè àtijọ́ mu padà. Ẹ kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sára rẹ̀ bó bá ṣe wù yín. Bí wọ́n bá ti to àpótí mi tán, kì í wọ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Olè tó bá sì ráyè wọ ibẹ̀, ìṣirò kíláàsì kẹrin ló máa bá. N kò ní kí ẹ máa tún un ṣe. Ẹ kàn jẹ́ kó wà.

7. A ti ṣàlàyé fún ìyá mi pé àpótí ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbàgbé. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n á bèèrè pé ta nìyẹn. Mo máa ń di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á fọwọ́ wá ojú mi. Lánàá, wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n dárí ji àwọn, ohunkóhun tí àwọn bá ṣe tí n kò fi bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,

Tíṣà Alápòótí,
Olùkọ́ Ìṣirò, Kíláàsì Kẹrin.