Orúkọ Onílé Ni Mo Kọ

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ìyá Sìkírá, opó tí àgbàrá wó yàrá tó háyà ní àdúgbò Zongo, ló fi òkúta fọ́ mi lórí níbi tí ìjọba ti ń pín ìrẹsì.

Wọ́n ní kí èmi tíṣà kọ orúkọ olórí ilé kọ̀ọ̀kan tí omi bà jẹ́ sílẹ̀ fún ìrẹsì náà. Onílé ni mo kọ, bí a ti máa ń ṣe. Titirou, àdúgbò mìíràn, ni onílé Ìyá Sìkírá ń gbé, omi ò kàn án rárá! Òun ló gbé ìrẹsì lọ.

Bí ọlọ́pàá ṣe ń fi kóńdó lu obìnrin náà, ó ń pariwo: “Tíṣà, ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?” Wọ́n lù ú títí kò fi lè pariwo mọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí lórúkọ rẹ̀. Orúkọ tí mi ò kọ fún ìrẹsì, kíá ni mo kọ ọ́ fún ọlọ́pàá.