Kùkùté Tí Bàbá Benedict Kò Jẹ́ Kí A Hú

Àdá ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá Benedict Ọláwuyì. Wọ́n ti dín èéhù, ẹ̀ka tuntun tó hù lára kùkùté kan, kù sí méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òmíràn, wọn kò sì dìde mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2025. Wọ́n jẹ pupuru yó láàárọ̀, wọ́n ní àwọn yóò dé kí oòrùn tó mú. Títí di òní, ikú náà kò tíì yé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé.

Òde-Ayé ni a ti bí wọn ní 1951, ọmọ Jethro àgbẹ̀ àti Àrìnkẹ́ tó ń fún epo. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ní 1972, wọ́n di òṣìṣẹ́ igbó ọba. Ní 1978, wọ́n gbé Mildred níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti di bàbá ìjọ nígbẹ̀yìn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi dáná sun kùkùté. Bí iṣẹ́ ọba ṣe kọ́ wọn nìyẹn: bí agégẹdú bá ti lọ, hú u, sun ún, gbin ọmọ igi tí a tọ́jú sínú ọ̀rá dípò rẹ̀.

Ní 2016, agégẹdú gé igi pákó tí à ń pè ní mẹ̀láínà nínú oko ìdílé lójú ọ̀nà Ìlútítun. Bàbá dáná sun apá kan, wọ́n gbin igi. Ẹ̀rùn pa á. Wọ́n tún un gbìn, ẹ̀rùn tún pa á. Ní 2018, wọ́n rí kùkùté kan létí ibi tí iná dé. Èéhù rẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ.

Bàbá ní, “Àṣé èmi ni mo ń pa wọ́n.”

Láti ọjọ́ náà, iná kò wọ ibẹ̀ mọ́. Èéhù méjì péré ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí kùkùté kan, kí ó lè di igi. Ibi tí kùkùté bá ti kú, wọ́n á fọ́n èso sí i.

Gideon, ẹ̀gbọ́n wọn, fẹ́ gbin ọ̀pẹ sí gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n á ní, “Benedict, ṣé kùkùté la máa sè lálẹ́?” Bàbá á rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un lọ́jọ́.” Ìdílé fi ìpàdé sí Sátidé láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìpàdé náà wáyé ni Bàbá kú.

Ẹ̀gbọ́n Gideon wà lára àwọn tó lọ gbé wọn. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Igi ti sanra bí itan àgbàlagbà, òjìji ti bo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo òkè, wọ́n wo àbúrò wọn nílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà.

“Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igbó Benedict.”

Ìpàdé kò wáyé mọ́.

Ìyàwó wọn wà láyé, àti àwọn ọmọ: Vincent, Charity àti Tiwalọlá, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Bàbá, kí ilẹ̀ tí ẹ tọ́jú tọ́jú yín. Ẹ sùn re.

Kùkùté mẹ́rìnlélógún ló ṣẹ́kù tí a kò tíì dín èéhù wọn kù.