Omi Kànga Wa Ló Pọ́n Jù ní Kíláàsì

Ardis, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Chicago? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sọnù láàárín èrò. Bàbá rẹ Elroy wà, orúnkún rẹ̀ náà ò yéé dùn ún. Fóònù tí o rà fún mi ní iyè inú òun ti kún, mo ní kó pẹ̀lẹ́, tèmi náà ti kún tipẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Àwọn olóore ìlú wa, àwọn tó ń ta páńkéèkì lẹ́yìn ìsìn láti dá owó jọ fún ilé ìwé ìjọba, ti fún Mísísì Hovland, tíṣà tó ń kọ́ Kaylin ọmọ Joleen, lówó gidi. Mo kọ́kọ́ rò pé owó èlé ni, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má wá kó àga àwọn ọmọ lọ, àṣé ọ̀fẹ́ ni. Ó fi ra awò tó ń sọ eṣinṣin di màlúù, àti oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kaylin tí Joleen àbúrò rẹ máa ń wọ́ lọ sílé ìwé, òun ló ń jí wa báyìí.

Tíṣà ní kí oníkálukú gbé omi ilé rẹ̀ wá. Mo fọ ìgò mọ́ tónítóní, mo pọn omi kànga wa sí i, torí mo rò pé ìdíje ni. Kaylin dé, ó ní nígbà tí wọ́n kán oògùn náà sí i, tàwọn yòókù kàn pọ́n díẹ̀, tiwa pọ́n bíi wáìnì. Mo hó ìhó ayọ̀, mo ní a ti gba ipò kìíní, mo sì yan páì ápù fún un. Kò jẹ ẹ́. Ó ní, Màmá àgbà, ẹ má yọ̀ o, bó bá ṣe pọ́n tó ló ṣe burú tó.

Nírọ̀lẹ́, tíṣà wá fúnra rẹ̀. Ó ní ajílẹ̀ oko àgbàdo àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló ti rìn wọnú kànga. Mo ní kó má ṣèyọnu, màá máa sè é. Ó ní bí mo bá ṣe ń sè é tí omi ń gbẹ ni ohun burúkú inú rẹ̀ ń le sí i. Bàbá rẹ ní bàbá òun mu ún títí tó fi darúgbó kú. Joleen wá béèrè ní ohùn kẹ́lẹ́ pé ṣé ó lè ba oyún jẹ́. Tíṣà ní òun ò lè búra pé omi náà ló ba èyíkéyìí jẹ́, ṣùgbọ́n kí aboyún má fẹnu kàn án.

Ardis, o ṣáà mọ̀ nípa oyún méjèèjì tó bàjẹ́ mọ́ Joleen lára. Èmi ni mo ń gbé ife omi tẹ̀lé e kiri, tí mo ń ní kó mu sí i, aboyún kì í jẹ́ kí ọ̀fun gbẹ. Látọjọ́ náà ó ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kì í wojú mi.

Níbi ìpàdé àwọn olóore, àwọn kan ní ṣé torí kí tíṣà lè ba ilẹ̀ àwọn lórúkọ jẹ́ làwọn ṣe ń ta páńkéèkì, kó lọ ra bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ. Bàbá rẹ dìde, mo rò pé yóò bú obìnrin náà ni. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ọmọ-ọmọ méjì lòun ti pàdánù tí òun kò mọ ojú wọn. Ó jókòó, ó sunkún lójú gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ wọ́n dìbò pé wọn ò ní fún tíṣà lówó mọ́.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ẹ̀rọ asẹ́ omi. Má fi sí báńkì, wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan rọ́pò ọmọbìnrin tó mọ̀ mí níbẹ̀, kò sì mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Joleen ti tún lóyún. Wá mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ títí yóò fi bí. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ, sọ pé dídá gbé ilé ló ń ni ọ́ lára.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ohun tí wọ́n bá fi ìfẹ́ bù fún ọ kò ní di oró nínú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna