Irú Ìbọn Tó Bà Mí Lápá

Bàámi, mo kí yín. Òótọ́ lẹ gbọ́, olè yìnbọn ní géètì tí mo ń ṣọ́ l'Ápápá, ṣùgbọ́n apá nìkan ló bà.

Ẹ bèèrè irú ìbọn. Preye, ọlọ́pàá wa, ní ti ṣọ́jà ni: ọta rẹ̀ lágbára ju ti ìbọn ìléwọ́ lọ, kò tó ti ìbọn ogun ńlá, wọ́n sì lè yí i kó yin ọta kan ṣoṣo tàbí kó máa rọ̀jò ọta. Mo ní ìbọn ọdẹ tiyín náà ń pa ẹtu. Preye bá dá mi lóhùn:

“Ọmọ ọdẹ, kó o tó ki ẹ̀tù tán, wọ́n á ti sin ẹ́!”

Ọ̀kan ni olè yẹn yí tiẹ̀ sí, ọpẹ́ ni. Ẹ má pè mí wálé, mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ kí Ìyá. Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín.

Hussein