Afárá Tí A Fi Ríbọ́ọ̀nù Dí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, ẹ kú ìdúró de ẹni ńlá. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí yín. Mo kí Músílíù àbúrò mi. Mo kí gbogbo ará ilé. Màámi nìkan ni n kò mọ bí mo ṣe máa kí, nítorí kò sí nílé.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi pe fóònù rẹ̀ tí kò gbé e. Ẹ ní ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Lóòótọ́ ló wà ní Ọ̀yọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n ilé ẹni tó ń to eegun ló wà. Músílíù ló jẹ́wọ́ fún mi lánàá pé inú odò àdúgbò wa ni Màámi ti yọ̀ ṣubú, tòun tẹrù lórí, nígbà tó ń ti Ọjà Igbó bọ̀, ó sì kán lẹ́sẹ̀. Ó ní ibi tó ṣubú sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí afárá tuntun wa.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde kí gbogbo àdúgbò lè kà á, nítorí gbogbo wa la jọ kọ́ afárá yẹn. Ìjọba ò sí níbẹ̀. Odò yẹn ló pín wa sí méjì. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ará òdìkejì, tí a ń pè ní àlejò látọdúnmọ́dún, kò ní lè gbé aláìsàn dé ọsibítù, àwa náà kò ní lè dé Ọjà Igbó tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin alága àdúgbò lẹ bẹ ọ̀wẹ̀, Bàbá. Káfíńtà gbé pákó wá, àwọn tó ń jó irin ní Takie gbé irin wá, Lèmọ́mù àti Pásítọ̀ jọ di ṣọ́bìrì mú, Màámi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ru òkúta láti ìsàlẹ̀ odò. Àwọn tí a kì í kí tẹ́lẹ̀ bá wa jẹun nínú abọ́ kan náà. Àwa tí a wà lókè òkun ra símẹ́ǹtì. Orí mi wú nígbà yẹn.

Afárá parí tán, ẹ bá dí i. Ẹ so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lẹ́nu méjèèjì, ẹ gbé bẹ́ǹṣì dábùú rẹ̀, ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí olóṣèlú kan á fi wá ṣí i. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, kò wá. Ó dá Sátidé mìíràn, ó tún rìnrìn àjò. Ẹ ti bá oníkánópì sọ̀rọ̀, ẹ ti rán agbádá, òjò sì ti dé. Músílíù ní àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ríbọ́ọ̀nù kọjá bí ẹ kò bá sí nítòsí. Màámi kọ̀. Ó ní wọn kò ní gbọ́ ọ pé ìyàwó alága ló kọ́kọ́ rú òfin alága. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, nínú òtútù tó ń ta ni létí bí abẹ́rẹ́. Ìyá oníyàá ni mò ń gbé dìde lórí ibùsùn, mò ń fọ ẹsẹ̀ wọn, mò ń kọ́ wọn ní ìrìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣubú. Ìyá tèmi wà lórí ẹní ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ àjèjì ló ń gbé e. Mo sunkún níbi iṣẹ́ lánàá, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, inú ló ń bí mi.

Ààtàn kan wà lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé. Àwọn aládùúgbò kó o kúrò, wọ́n sọ ibẹ̀ di oko ẹ̀fọ́. Kì í ṣe pé wọ́n sàn jù wá lọ o, odindi ọdún kan ni wọn kò fi kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa pè wá ṣí oko náà, ọ̀rọ̀ mi kò yé wọn. Ìyá àgbà kan já tòmátì, ó fi aṣọ nù ún, ó jẹ ẹ́. Ó parí.

Bàbá, ì bá wù mí kí n di gbogbo ẹ̀bi yìí rù yín, kí n sì lọ sùn. N kò lè ṣe é. Èmi ni mo ra ríbọ́ọ̀nù yẹn. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, tòun ti sísọ́ọ̀sì aláwọ̀ wúrà, tí mo ní kí ẹ wá ẹni ńlá tó máa gé e, kí ẹ ya fídíò rẹ̀, kí àwọn tí a jọ wà níbí lè rí i pé ọmọ ẹni gidi ni mí. Ẹ fẹ́ kọ̀. Ẹ ní afárá kì í ṣe ìyàwó tuntun tí à ń fi aṣọ bò lójú. Èmi ni mo ní kí ẹ má dójú tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ka ibí yìí tán, ẹ gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò. Ọ̀bẹ ilé ìdáná ni kí ẹ fi gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará òdìkejì kọ́kọ́ kọjá. Kí Músílíù wá ká ríbọ́ọ̀nù náà lọ sí Ọ̀yọ́, kí wọ́n fi di igi mọ́ ẹsẹ̀ Màámi. Ó kéré tán, á wúlò níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹsẹ̀ Màámi padà fún un, kó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí ẹ̀yin náà. Ẹ bá mi kí ará ìhín, ẹ bá mi kí ará ọ̀hún. Ẹ má sọ fún Màámi pé odò ló gbé e ṣubú. Ẹ ní èmi ni.

Ọmọ yín,
Rísíkátù